Ọjọ́ Mẹ́tàlélógún Lórí Àádọ́ta: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Nùréènì Àjíṣọlá Àṣírù, Wolé-Wolé Agége (1908–1958)

Agége ni wọ́n ti bí bàbá wa, Olóògbé Nùréènì Àjíṣọlá Àṣírù, nínú ilé alámọ̀ kan tí kò jìnnà sí ojú irin, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1908. Ìwọ̀nba èèyàn ló lè fọwọ́ sọ̀yà ní ìgbà yẹn pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí òun. Ṣùgbọ́n Àlùfáà Àṣírù tó bí wọn kì í fi tàdáwà ìkọ̀wé wọn ṣeré. Bí ìyàwó bá ti bímọ, Àlùfáà á ṣí ìwé kéú, wọ́n á sì kọ ọjọ́ náà sí etí rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ohun tó wà níbẹ̀ fún bàbá wa ni: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Rájábù, ọdún 1326. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa títí dòní.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni Àlùfáà Àṣírù, láti agboolé Alápò. Ọdún 1903 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Agége, tí wọ́n ń hunṣọ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ Ojúọlápé, ọmọ Àwórì láti Ọrẹ̀gún, ìyá tó ń ta ọṣẹ dúdú, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọṣẹ rẹ̀ lọ. Òun ló bí bàbá wa. Làsísì, ẹ̀gbọ́n wọn lọ́dọ̀ baba, ti wà láyé ṣáájú ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọdún 1925, nígbà tí bàbá wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Àlùfáà Àṣírù ṣubú nídìí òfì, wọn kò sì dìde mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, àgbà kan tó wá láti ilé fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tu àwọn ọmọ nínú. Ó ní, "Ẹ má sunkún jù. Ọkùnrin ilé wa kì í jẹ iyán àádọ́ta ọdún, gbogbo wa la mọ̀. Bàbá yín jẹ mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó gbìyànjú." Gbogbo èèyàn mi orí. Bàbá wa nìkan ló la ẹnu pé, "Bàbá, ta ló kà á?"

Wọ́n ní kí ẹnì kan mú ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí kúrò níbẹ̀. Wọ́n mú wọn kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lẹ́nu wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá wọn gbé, ẹ ó jẹ́rìí wa.

Bàbá ka kéú délẹ̀ kí baba wọn tó lọ, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1930 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn wolé-wolé, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní 1933, ìjọba sì fi wọ́n sí Agége àti Ìkejà. Ní 1935 wọ́n so yìgì pẹ̀lú ìyá wa, Sùlíyá, ọmọ oníṣòwò obì ní Òkè-Kotò. Ìyá wa ti mọ ọ̀rọ̀ àádọ́ta náà kí yìgì tó dé, nítorí àwọn ẹbí wọn kò fi pamọ́. Wọ́n sọ fún wọn pé opó ọmọdé ni wọ́n fẹ́ lọ dà. Èsì ìyá wa ni pé ẹni tó ń ka ọjọ́ tó báyìí, yóò mọ bí a ṣe ń lò ó.

Ẹ mọ bí ará ìlú ṣe ń bẹ̀rù wolé-wolé. Bí fìlà wọn bá ti yọ lókèèrè, oníkálukú á sáré da omi àná nù. Ṣùgbọ́n bàbá wa ní ti wọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti yẹ inú ìkòkò wò tán bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á bi onílé pé, "Ta ló dàgbà jù nínú ilé yìí? Ẹ jẹ́ kí n kí wọn." Àwọn obìnrin Oko-Ọba sọ wọ́n ní Wolé-Wolé Kàdún-Kàdún. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn arúgbó ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1946, Làsísì ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí ìlà ìrun Jímọ́ọ̀, ó forí balẹ̀, kò sì lè gbé e sókè. Ẹnu rẹ̀ ti yí sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún ti rọ jọwọrọ. Ọjọ́ kẹta ló jáde láyé. Ẹbí tún ka ọjọ́ orí: mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọ́n tún mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá wa kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n ra ìwé ńlá kan tó ní èèpo líle, wọ́n kọ "Ìwé Àgbà" sí i lára, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju èyí lọ: kí àwọn dé àádọ́ta, kí àwọn ọmọkùnrin wọn má baà máa mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Wọ́n gbà pé bí ikú bá ń pa ọkùnrin ilé kan kí ó tó dé àádọ́ta, tí ó sì ń fi ìyá arúgbó kan sílẹ̀ ní òdìkejì títì di àádọ́rùn-ún, ohun kan gbọ́dọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kí èèyàn wá ohun náà rí ló kù. Wọ́n a sì máa sọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú èèyàn pẹ́ láyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó pẹ́ lóòótọ́."

Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. A kì í bi àgbà léèrè ọjọ́ orí lójúkojú. Nítorí náà Bàbá á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á ní, "Ìyá, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ kọjá l'Ágége, kí lẹ gbé sẹ́yìn, ọmọ ni àbí ẹ ṣì wà lẹ́yìn ìyá tiyín?" Láti Agége dé Ògbà, láti Òjòdú dé Ọrẹ̀gún, wọ́n kọ orúkọ àgbà méjìdínláàádọ́sàn-án sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ orí ló tú lójú ìwé yẹn. Bàbá kan wà ní Ògbà tó ní òun jẹ́ ọmọ àádóje ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti gbé ẹ̀kọ wọlé, tó ní kí ọmọ òun yé purọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba.

Èyí tó le jù kì í ṣe irọ́ rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1951, Bàbá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ràbíátù ní Òkè-Kotò, ẹni tí gbogbo Agége gbà pé ó dàgbà jù. Ìyá gbé akèǹgbè kan jáde. Láti ọdún tí wọ́n ti bí wọn ni ìyá tó bí wọn ti ń ju kóró dàbínù kan sínú rẹ̀ ní gbogbo ààwẹ̀ Ràmàdáánì, nígbà tí Ìyá Ràbíátù sì dàgbà, àwọn náà ń bá a lọ. Kò sí ẹni tó tún ní ẹ̀rí tó báyìí nínú gbogbo ìwé náà. Bàbá da kóró náà sórí ẹní, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni.

Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là. Oṣù ojú ọ̀run la fi ń gbààwẹ̀, ọdún oṣù sì fi ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún tí ìjọba ń kà. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń rìn káàkiri, tó ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, tó tún ń bọ́ sí òjò. Bí èèyàn bá gba ààwẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré ló tíì lò. Gbogbo àgbà tó fi ààwẹ̀ ka ọjọ́ orí nínú ìwé náà ni ọdún ti lé lórí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Bàbá ṣírò rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àádọ́rùn-ún ọdún lẹ jẹ́. Mẹ́ta ti lé e."

Ìyá Ràbíátù wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi gbà á ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé ebi rẹ̀ pa ọ́?"

"Kò pa mí, Ìyá."

"Nùréènì ọmọ Àṣírù, mo mọ ilé yín, mo mọ ohun tó ń lé e yín. Ọdún mẹ́ta tí o gbà lọ́wọ́ mi yẹn, mo fi jì ọ́. Máa gbé e lọ fún àwọn ọkùnrin ilé yín, àwọn ló nílò rẹ̀. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n lo òfin kan náà fún ilé tiwọn, nítorí ìwé kéú la fi ń ka ọjọ́ orí nílé wa pẹ̀lú. Mọ́kàndínláàádọ́ta Àlùfáà Àṣírù di mẹ́tàdínláàádọ́ta àti ààbọ̀. Ti Làsísì rí bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta tún jìnnà sí wa ju bí a ti rò lọ. Ìyá wa ní kí ni èrè òǹkà tó ń dín ẹ̀mí kù. Bàbá ní, "Màá kúkú mọ bí odò ṣe fẹ̀ tó kí n tó wọ̀ ọ́."

Ní 1953, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń jáde lórí ilẹ̀ oko ní Ìkejà bí olú, ilé iṣẹ́ kan tó ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì gba Bàbá gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Ní yàrá ìtọ́jú ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Ọ̀gbẹ́ni Emmanuel pàdé, apòògùn tó di ọ̀rẹ́ wọn, tó wà láàárín wa níbí lónìí. Emmanuel ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń wé aṣọ rẹ̀ mọ́ èèyàn lápá, tí wọ́n á sì máa fẹ́ ẹ. Bàbá na apá. Ẹ̀rọ náà gòkè dé igba ó dín méjì.

Emmanuel ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n. Bóyá ẹ̀rọ yìí ló ń ṣàárẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ̀n ọ́. Lẹ́yìn náà Emmanuel wọn ti ara rẹ̀: ọgọ́fà. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ilé iṣẹ́ bá ti sinmi, àwọn méjèèjì á gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa tọ àwọn àgbà inú ìwé lọ. Nínú àwọn mẹ́tàlélógójì tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún lóòótọ́, méjì péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn sún mọ́ ti Bàbá. Emmanuel fò sókè pé àṣírí ti tú. Bàbá ní kó farabalẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé àwọn tí tiwọn ga ti kú kí kẹ̀kẹ́ wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn," ni ohun tí wọ́n sọ. Emmanuel ní ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn. Bàbá ronú sí i, wọ́n ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Dókítà kan ní Èkó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń já nǹkan lórí àwọn ọkùnrin ilé wa, tí ẹnu fi ń yí, tí ọwọ́ fi ń rọ. Ó ní kí Bàbá fi iyọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì fọn sí i. Ó tún kọ oògùn kan fún wọn, oníhóró, tí wọ́n fa jáde lára gbòǹgbò kan tó jẹ́ ẹbí igi asofẹ́yẹjẹ tiwa, èyí tí àwọn baba wa fi ń mú ara alárùn ọpọlọ balẹ̀. Emmanuel kò gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Lójoojúmọ́ ni yóò bèèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti lo oògùn wèrè yín?"

Iyọ̀ ló fa wàhálà. Ìyá wa dá ìkòkò ọbẹ̀ méjì sí, ti Bàbá kò ní iyọ̀ kankan. Kò pẹ́ tí àlejò kan jẹ nínú rẹ̀, ìròyìn sì tàn dé Ọrẹ̀gún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá Suara, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ojúọlápé, kó àgbà mẹ́ta wá parí ìjà, nítorí ìyàwó tó bá gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú ọkọ, ó ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Wọ́n bá ìyá wa wí fún wákàtí kan gbáko. Ìyá wa fetí sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n bu ọbẹ̀ náà fún gbogbo wọn, ti efinrin, ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Bàbá Suara jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, "Ìjà yìí dùn. Ẹ má parí rẹ̀."

Bàbá jẹ́ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí Òkè-Kotò fún ọdún mọ́kànlá. Láti 1955, lẹ́yìn ìrun ìdájí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ń bẹ láyé lónìí nítorí ohun tí ẹ̀rọ náà sọ fún wọn. A kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1957, àádọ́ta ọdún pé gẹ́lẹ́ nínú òǹkà ìwé kéú. Ẹbí ti kó jọ, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọrẹ̀gún. Wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ dúńbú rẹ̀ ti ká ọwọ́ agbádá. Ọkùnrin ilé wa kan jẹ iyán àádọ́ta! Bàbá jáde, wọ́n kí gbogbo àgbà, wọ́n sì ní kí wọ́n dá àgbò náà padà sí ìso.

"Kò tíì tó," ni wọ́n sọ. "Òfin tí mo fi yọ ọdún mẹ́ta lára Ìyá Ràbíátù, n kò lè fò ó lórí ara mi. Ó ku ọjọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlélógójì."

Bàbá Suara figbe ta. "Ṣé o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ pe ikú ni? Ọlọ́run fún ọ, o ń dá a padà!"

"Kò tíì fún mi, Bàbá. Mò ń dúró dè é ni."

Báyìí ni àgbò ṣe wà ní ìso fún ọdún kan àti ààbọ̀. Àdúgbò sọ ọ́ ní Sùúrù. Iléyá méjì kọjá lórí rẹ̀, àgbò mìíràn la rà. Ó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí èèkàn tí wọ́n so ó mọ́ fi tẹ̀. Bàbá kò sì dúró lásán. Ní gbogbo òwúrọ̀ wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin láti Agége dé Ìkejà, wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, ọwọ́ ọ̀tún wọn kú fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n fi òsì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ọwọ́ jí padà, wọ́n tún fi ọ̀tún kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún yìí, 1958, ni ọjọ́ náà pé. Wọ́n dúńbú Sùúrù lójú gbogbo ẹbí. Bàbá Suara sunkún bí ọmọdé. Àwọn èèyàn bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí á fi iyọ̀ díẹ̀ sí ti wọn lónìí, ó ṣe tán, wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Àádọ́ta la dé. Ọgọ́ta ló kù." Wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì, Dàwódù àti Mùíbì, wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá níwájú ẹbí, wọ́n kọ òǹkà wọn sínú Ìwé Àgbà, wọ́n sì pàṣẹ pé ní gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, Bàbá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kálámù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n wo Emmanuel, wọ́n ní, "Bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ogóje." Ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ ti dé bá wọn. A sin wọ́n ní Agége kí òòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé yìí, àwọn àgbà ní kí á kọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, nítorí ìwé kéú gbè é lẹ́yìn, ó sì yẹ òkú. Ìyá wa ni kò gbà. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà." Àádọ́ta ọdún àti ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni bàbá wa lò. A kò fi ọ̀kan kún un, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ṣọ̀fọ̀ wọn nìyí: Ìyá Sùlíyá, aya wọn, Láídé, nọ́ọ̀sì, Dàwódù, òṣìṣẹ́ rélùwéè, Àrínọlá, àti Mùíbì tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ọmọ wọn, Ọmọ́bọ́láńlé àti Àṣírù kékeré, Bàbá Suara àti gbogbo ẹbí ní Ọrẹ̀gún àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé Ìyá Ràbíátù wá kí wa. Ọgọ́rùn-ún kóró dàbínù ló pé nínú akèǹgbè wọn lọ́dún yìí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú Ìwé Àgbà. Wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí Bàbá lò lẹ́yìn àádọ́ta. A sọ fún wọn. Wọ́n ní kí Dàwódù àti Mùíbì sún mọ́ àwọn.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fún bàbá yín," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré ló ná nínú rẹ̀. Ìyókù dà? Ẹ na ọwọ́ yín, kí n pín in."

Wọ́n sì na ọwọ́. Ìyá fi kóró dàbínù kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Nùréènì ọmọ Àṣírù, ọmọ Ajílété, ẹni tó béèrè tí kò gba àmín lásán: o kà á, ó pé. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere. Máa sinmi, Bàbá. Àwọn ọmọ rẹ ń bá òǹkà lọ.